Kí O Tó Gba Owó Ìtàgé Lọ́wọ́ Alájì

Ilé wa, Ìsàlẹ̀ Èkó,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Àjọkẹ́ mi, Mulíkátù ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi lánàá. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀ Ẹ̀pẹ́ ló mú un wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmàgbò, kò sì lọ títí mo fi fún un ní nǹkan mu. Mo kà á níbẹ̀, mo tún kà á nílé lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Inú mi dùn pé iṣẹ́ olùkọ́ bá ọ lára mu, pé yàrá tí wọ́n fún ọ kò jò, àti pé àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ọ́ ní Tíṣà láìrẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa jẹun dáadáa. Mo ti sọ ọ́.

Ó wá ku ìbéèrè rẹ. O ní o fẹ́ kan ìtàgé onípákó fún àwọn ọmọ ibẹ̀, kí wọ́n lè máa ṣe eré ààlọ́ níbi tí ojú gbogbo ènìyàn yóò ti tó wọn. O ní kò sówó nílé ìwé. O ní Alájì kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ti sọ pé òun yóò san gbogbo rẹ̀, láti orí pákó dé orí ìṣó, bí o bá lè kọ orúkọ òun gàdàgbà sí iwájú rẹ̀. Ó fẹ́ gbọ́ èsì lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé kí o gbà á, àbí kí o má gbà á?

O mọ̀ mí. Ẹni tó bá bi mí ní iye aṣọ, n ó kọ́kọ́ ní kó fọwọ́ pa á wò ná. Jókòó, kí o fọwọ́ pa èyí wò.

Àwa náà kan ìtàgé rí. N kò sọ fún ọ rí nítorí o kò béèrè, àti pé ìgbà tí o fi gbọ́njú, ọjà ti gba gbogbo wa lọ́wọ́ ara wa. Ṣáájú ìgbéyàwó mi ni. Àwa ọ̀dọ́ àdúgbò, ọkùnrin àti obìnrin, a máa ń ṣe eré ààlọ́ lọ́jọ́ kejì Iléyá ní àgbàlá agbo ilé kan, lórí ilẹ̀ lásán. Ẹni tó bá jókòó níwájú gbádùn wa. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn, ẹ̀yìn orí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ló máa ń wò títí eré yóò fi parí. Àwọn ọmọdé ń gun orí odó kí wọ́n lè rí wa. Lọ́dún kan, odó yí dànù pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta lórí rẹ̀, àwọn ìyá wọn sì ní a kò gbọ́dọ̀ ṣeré mọ́ títí a ó fi rí nǹkan dúró lé. Bí ọ̀rọ̀ ìtàgé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èkíní. Ọkùnrin kan wà tó ń ta páànù, Bàbá Onípáànù là ń pè é. Ó lówó, ó sì lawọ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ má dààmú ara yín. Èmi nìkan ni n ó ṣe é." Àwọn ọkùnrin wa dọ̀bálẹ̀, àwa obìnrin kúnlẹ̀. Kò pẹ́ tí ìtàgé fi dúró sí àárín àgbàlá rẹ̀, ó ń dán, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú.

Eré tí a fẹ́ fi ṣí i ni ti Ìjàpá àti ọlọ́rọ̀ ahun tó kó oúnjẹ pamọ́ nígbà ìyàn. O mọ ààlọ́ náà, o mọ bí Ìjàpá ṣe máa ń tan ọlọ́rọ̀ náà títí yóò fi fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí àká. Bàbá Onípáànù pè wá jókòó. Ó ní, "Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é o. Ṣùgbọ́n ọlọ́rọ̀ yẹn, ṣé dandan ni kó jẹ́ ahun? Ẹ jẹ́ kó lawọ́ díẹ̀, jàre." A jẹ́ kó lawọ́. Ìjàpá tọrọ oúnjẹ, ọlọ́rọ̀ fún un, Ìjàpá dúpẹ́, eré parí. Àwọn òǹwòran ń wo ara wọn. Ìyá arúgbó kan béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá Onípáànù bá ilé tó múlé tì í jà lórí gọ́tà, ó sì ní ọmọ ilé náà kankan kò gbọ́dọ̀ gun ìtàgé òun. Inú ilé náà ni ẹni tó ń ṣe Ìjàpá fún wa ti wá. Ìyàwó àgbà Bàbá Onípáànù bẹ̀rẹ̀ sí í sá ata lórí ìtàgé náà, nítorí oòrùn máa ń pa ibẹ̀ dáadáa. A ò bá wọn jà. Ìtàgé wọn ni, ata wọn ni. Ọwọ́ tó ń fúnni ní í wà lókè, Àjọkẹ́, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ kò lè pinnu ohun tí Ìjàpá yóò ṣe.

Èkejì. A ní kí a gba owó ẹnu ọ̀nà, kí àwa fúnra wa fi ra pákó. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé lẹ́bàá Tinúbú ló dá a lábàá. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo tí ojú ti là nìyẹn. A padà sí àgbàlá agbo ilé, a fi àga dí ẹnu ọ̀nà, a gbé abọ́ sórí àga, a ní kí olúkúlùkù san kọ́bọ̀ kan kó tó wọlé. Ẹni àkọ́kọ́ tó dé ni Bàbá Sàlámì, olórí agbo ilé náà.

Ó wo àga, ó wo abọ́. Ó ní, "Kí lẹ ń ṣe níbí?"

Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, owó ìwọlé ni."

"Ìwọlé síbo?"

"Sí ibi eré, sà."

"Ṣé inú ilé tí bàbá mi bí mi sí ni mo fẹ́ sanwó wọ̀?"

A gbé àga kúrò fún un. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní ọmọ àbúrò rẹ̀ lòun. Ìyàwó ilé ni ẹni tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Ọmọ àgbàtọ́ dé, ìbátan dé, ẹni tí ìyá ìyá rẹ̀ ti gbé ibẹ̀ rí dé. Ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kan, oṣómàáló tó wá gba gbèsè aṣọ, tó ń sọ Ìjẹ̀ṣà lẹ́nu yàà, ó ní ọmọ ilé lòun náà. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó di ọmọ ilé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí eré parí, kọ́bọ̀ tí àwa fúnra wa fi sínú abọ́ láti fi fa ojú àwọn ènìyàn mọ́ra nìkan la bá níbẹ̀. Nítorí náà, níbikíbi tí o bá fẹ́ gba owó ẹnu ọ̀nà, kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta ni ìdáwó, èyí tó burú jù. A lọ láti ilé dé ilé. Àwọn ènìyàn fún wa ní ohun tí ọwọ́ wọn ká, ó sì ń pọ̀ sí i. A wá rò pé ó yẹ kí a dúpẹ́ ní gbangba. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun, ẹ̀gbọ́n akọ̀wé dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, ẹni tó mú owó tó pọ̀ jù wá ló kọ́kọ́ pè. Ohun tó yẹ lójú rẹ̀ nìyẹn. Báyìí ni ó ṣe pe ọmọ kan tó ń ta bàtà, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, kó tó pe Bàbá Sàlámì.

Bàbá Sàlámì kò pariwo. Ó rìn wá síwájú, ó na ọwọ́ sí wa, ó ní, "Ẹ fún mi ní sísì mi." A fún un. Gbogbo agbo ilé rẹ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gba tiwọn. Ilé kejì náà gba tiwọn, nítorí wọ́n ti gbé ìyàwó láti ilé àkọ́kọ́. Ọmọ oníbàtà pàápàá gba tirẹ̀, ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní òun ló fà á. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni a pàdánù gbogbo owó tí a ti kó jọ. Ọmọ mi, owó lè pọ̀ ju owó lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń to ènìyàn. Bí ìwọ yóò bá pe orúkọ ní Ẹ̀pẹ́, àgbà ni kí o kọ́kọ́ pè, má sì ka iye owó ẹnikẹ́ni síta.

Ojú tì wá débi pé a ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sọ́jà. Ìyá ìyá mi ló tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, kò sì dìde lórí ẹní kó tó tún un ṣe. Ó ní, "Bí ẹ bá bímọ, ṣé ẹ máa ń lọ tọrọ owó kiri láti ilé dé ilé?"

A ní rárá.

"Báwo lẹ ṣe ń rí owó ọmọ?"

A ní àwọn ènìyàn ló máa ń wá síbi ìsọmọlórúkọ. Olúkúlùkù á sọ owó sínú abọ́ omi, á sì sọ ọmọ lórúkọ tó wù ú.

Ó ní, "Ẹ lọ sọ ọ́ lórúkọ."

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe. A ra pákó kan ṣoṣo, a tẹ́ ẹ sórí ẹní ní àgbàlá, a gbé abọ́ omi tì í. A kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Lémọ́mù, kó má baà gbọ́ ọ lẹ́yìn. Lémọ́mù wá, ó wo pákó lórí ẹní, ó rẹ́rìn-ín títí tí láwàní rẹ̀ fi yẹ̀. Ó ní, "Èmi ò rí nǹkan kan níbí o, mi ò sì gbàdúrà sí igi létí. Ẹ má pa àgbò fún pákó o! Ṣùgbọ́n ẹ gba kọ́bọ̀ mi." Bàbá Sàlámì ló kọ́kọ́ sọ orúkọ, nítorí òun ló dàgbà jù. Ó sọ ọ́ ní Ọláníyọnu. A mọ̀ pé àwa tó fi owó to orúkọ ló ń bá wí. Ọmọ oníbàtà sọ ọ́ ní Owólabí. Ọkùnrin kan tí onílé rẹ̀ fẹ́ lé jáde sọ ọ́ ní Ilésanmí, ojú onílé náà ló sì ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. Káfíńtà kan, ará Ìjẹ̀bú tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sọ owó sínú abọ́. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni owó òun, ó sì sọ ọ́ ní Iṣẹ́olúwa. Mo sọ orúkọ kan èmi náà. O mọ̀ ọ́n, òun náà ni mo padà fi sọ ọ́.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni Àlímọ́tù, obìnrin kan tó ń din dùndú lẹ́nu ọ̀nà ilé tó kọjú sí tiwa. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Gbogbo ọmọ tó bí ló ti kú lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í sábà wá síbi ìsọmọlórúkọ, a kì í sì í bi í pé kí ló dé. Lọ́jọ́ náà, ó nu epo ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó sọ tọ́rọ́ sínú omi, ó ní, "Dúrójayé." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Owó ọjọ́ náà àti iṣẹ́ káfíńtà tó ìtàgé. N kò sọ pé ó ṣẹ́ kù. Nítorí pé gbogbo wa ló sọ ọ́ lórúkọ, kò sẹ́ni tó lè ní kí ata òun gbẹ lórí rẹ̀. Káfíńtà kò kàn án pọ̀. Ó ṣe é kí a lè tú u, a sì pín pákó náà sí ilé àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ, ọ̀kan sí ilé kan. Bí eré bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kálukú á gbé pákó tirẹ̀ lérí wá. Bí àwọn kan bá fẹ́ yá a fún ìgbéyàwó, wọ́n ní láti bẹ gbogbo ilé, nǹkan díẹ̀ tí wọ́n bá sì san la fi ń ra ìṣó. Eré Ìjàpá padà di ti Ìjàpá. Ọlọ́rọ̀ padà di ahun. Bàbá Onípáànù fúnra rẹ̀ wá wò ó, ó rẹ́rìn-ín jù wá lọ.

Àlímọ́tù ló tọ́jú pákó tirẹ̀ jù. Àwa ń gbé tiwa ti ògiri, òun ń fi epo pa tirẹ̀, ó ń fi aṣọ bò ó. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Èmi náà wà lára àwọn tó ń gbọ́ ọ.

Nígbà tó yá, ọkọ rẹ̀ kú, ó ní òun ń padà sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ni ariwo ta pé ó ti gbé pákó lọ. Ẹgbẹ́ eré wa ní kí n sáré lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bá a ní Èbúté Èrò. Ẹrù rẹ̀ kò ju àpótí kan, ìkòkò dídín dùndú, àti pákó tí ó fi ìró dì. Orí pákó náà ló jókòó lé. Ó rí mi, kò dìde. Ó ní, "Rábíátù, ṣé wọ́n ní kóo wá gbà á ni?"

Mo ní, "Wọ́n ní kí n wá gbà á."

Ó ní, "Èyí nìkan ló dúró fún mi."

Bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, ó ń dùn mí. Mo di orí kan pákó náà mú, ó di orí kejì, a gbé e sínú ọkọ̀. Mo padà sílé, mo sọ fún wọn pé èmi ni mo bá a gbé e. Wọ́n bú mi bí ẹni láyin, lẹ́yìn náà ó rẹ̀ wọ́n.

A kò ra òmíràn dí i. Owó wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá a lábàá. Àlàfo wà ní àárín ìtàgé wa láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ń ṣeré ní láti fò ó. Ìjàpá á dé etí rẹ̀, á wo ìsàlẹ̀, á wo òǹwòran, gbogbo àgbàlá á pariwo "Fò ó!" Mo gbọ́ pé àwọn ènìyàn ń wá láti ọ̀nà jíjìn nítorí fífò yẹn. Nígbà tí gbogbo wa ṣègbéyàwó tán, tí ọmọ dé, tí ọjà dé, olúkúlùkù fi pákó ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tó wù ú. Tèmi ni pẹpẹ tó wà nísàlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, èyí tí o máa ń gùn láti mú aṣọ nígbà tí o wà ní kékeré, tí mo sì máa ń lù ọ́ nítorí rẹ̀.

Ó tó gẹ́ẹ́. Èsì ìbéèrè rẹ nìyí.

Má sọ fún Alájì pé o kò gba owó rẹ̀. Kò ṣe ohun tó burú. Kúnlẹ̀ kí o sọ fún un pé, "Ẹ ṣeun, Alájì. Ṣùgbọ́n orúkọ yín tóbi, kò yẹ kí n kọ ọ́ sára ohun tí àwọn ọmọ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀." Lẹ́yìn náà, pè é síbi ìsọmọlórúkọ bí o ṣe ń pe gbogbo ìlú. Kó sọ owó sínú abọ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́, kó sọ orúkọ kan, kó sì gbé pákó kan lọ sílé. Bí àwọn tó dàgbà jù ú bá wà níbẹ̀, àwọn ni kó ṣáájú. Bó bá bínú, jẹ́ kó bínú. Ẹja rẹ̀ á ṣì máa tà.

Bí owó kò bá tó, kan ìwọ̀nba tí pákó rẹ bá mọ. Kò sí ẹni tó ṣèèṣì ṣubú lórí ìtàgé kékeré tí kò tún padà gùn ún. Bí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ bá ń dá èésú, ẹ fún ìtàgé náà ní ọwọ́ kan níbẹ̀ bí ènìyàn, kí gbogbo yín jọ máa san tirẹ̀. Owó àtúnṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí èésú tó bẹ̀rẹ̀, kí o tó ra pákó kankan, kí ọjọ́ Jímọ̀ sì tó pé, ibì kan wà tí o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé.

Àwọn ẹlẹ́ja tó ń ti ọ̀dọ̀ yín wá sọ fún mi pé Àlímọ́tù ṣì wà láàyè. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ nítòsí etí omi ló máa ń wà láti àárọ̀, lórí pákó kan tó máa ń fi epo pa. Lọ kí i. Má bẹ̀ ẹ́ pé kó fún ọ. Kàn sọ fún un pé o fẹ́ kan ìtàgé fún àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́, àti pé o kò tíì ní pákó àkọ́kọ́.

Yóò bi ọ́ pé ta ni ọ́. Má sọ pé Tíṣà ni ọ́. Sọ fún un pé Àjọkẹ́ ni ọ́, ọmọ Rábíátù, àbúrò Dúrójayé. Lẹ́yìn náà, dákẹ́, kí o ràn án lọ́wọ́ láti dìde.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rábíátù.